Ìtàn ìrírí: Commodore 64 tí ojú rẹ̀ dúdú, àti bí a ṣe ń pààrọ̀ áísì ROM rẹ̀

Atúnrédíò Tákíè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Commodore 64, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí à ń so mọ́ tẹlifíṣàn, tí àwọn onítòkunbọ̀ ń kó wọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo ẹni tó bá gbé e wá máa ń rò: iná pupa rẹ̀ ń tàn, ojú tẹlifíṣàn dúdú kirikiri, "wọ́n ní ROM ló jó." Ta ló ní bẹ́ẹ̀? ROM, áísì tó ń tọ́jú àṣẹ tí kì í parẹ́, máa ń kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ádápítà, RAM (áísì ìrántí ìgbà díẹ̀) àti PLA (áísì tó ń yan áísì tí ọ̀rọ̀ kàn) ló sábà máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tó bá tú ROM láìkọ́kọ́ yẹ iná wò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ba páńẹ́ẹ̀lì tó dáa jẹ́.

Ọdún 1982 ni ẹ̀rọ yìí jáde. Nínú páńẹ́ẹ̀lì gígùn tàtijọ́, ROM mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ 24 sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. BASIC, èdè tí à ń fi pàṣẹ fún un, wà ní U3 (àmì àyè rẹ̀ lórí páńẹ́ẹ̀lì), nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni 901226-01. KERNAL, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, wà ní U4, èyí tó pọ̀ jù lóde ni 901227-03. Èyí tó ń gbé àwòrán lẹ́tà wà ní U5, 901225-01. BASIC àti KERNAL, báìtì 8192 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti lẹ́tà jẹ́ 4096.

Àmì àìsàn wọn ò jọra. Bí KERNAL bá kú, àṣẹ kankan ò sí fún ẹ̀rọ láti fi bẹ̀rẹ̀, ojú á dúdú títí ẹ ó fi pa á. Bí ó bá jẹ́ BASIC, KERNAL á ṣe ti ẹ̀ tán, á kun ojú ní búlúù, á kun etí rẹ̀ ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà á lọ wo àdírẹ́sì 40960 kó lè mọ ibi tí yóò yà sí. Bó bá bá pàǹtírí níbẹ̀, ó lè dúró gbagidi síbẹ̀: búlúù wà, lẹ́tà ò sí, READY ò sí. Ti U5 ló rọrùn jù láti mọ̀, nítorí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà ló dàrú. Ẹ tẹ POKE 53280,0 láìwo ojú rẹ̀, kí ẹ tẹ RETURN. Bí etí bá di dúdú, ẹ̀rọ ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Àwòrán lẹ́tà nìkan ló sọnù.

Oníná Sábó:
Ẹ̀gbọ́n Tákíè ti sọ ọ́ re. Kí n fi ti iná kún un.

Kí ẹ tó tú ìdérí, ẹ mú mítà. Ẹnu ádápítà rẹ̀ ní ihò méje. Láàárín ẹsẹ̀ 5 àti ẹsẹ̀ 2, fóltì 5 DC ló yẹ kí ó wà, láti 4.75 dé 5.25. Láàárín 6 àti 7, fóltì 9 AC ni. Bí ti DC bá ti kọjá 5.25, ẹ má ṣe kì í bọ ẹ̀rọ mọ́, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n da oje líle bo inú ádápítà àtijọ́ yẹn pátá, ooru ò rọ́nà jáde. Bó bá pẹ́, áísì tó ń dá fóltì dúró níbẹ̀ á dẹ̀, iná tó ju agbára lọ á sì wọlé. RAM ló máa ń kọ́kọ́ gbà á, àwọn tó kù á tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fi ROM tuntun sí i tí kò pààrọ̀ ádápítà, owó ló ń sun.

Ìkejì: èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóltì ni ádápítà rẹ̀. Bí ẹ bá kì í bọ iná 230 tiwa yìí, èéfín lẹ máa rí. VIC tó wà nínú rẹ̀, áísì tó ń gbé àwòrán jáde, pàápàá jẹ́ 6567, ti NTSC, ìlànà tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 6569, ti PAL, òun ló bá tẹlifíṣàn wa mu jù.

Ìkẹta, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò: fíúsì kan wà nínú páńẹ́ẹ̀lì, 1.5A, lójú ọ̀nà fóltì 9 AC. Bó bá já, iná pupa á ṣì máa tàn, torí pé DC ló ń tàn án. Ṣùgbọ́n nínú páńẹ́ẹ̀lì àtijọ́, 9 AC yìí ni a fi ń ṣe fóltì 12 àti fóltì 5 ti VIC, nípasẹ̀ 7812 àti 7805. Tí kò bá sí, tẹlifíṣàn ò ní rí nǹkan kan gbà rárá, yóò kàn máa hó. Ojú dúdú tó dúró jẹ́ẹ́ yàtọ̀ sí kí tẹlifíṣàn máa hó. Ẹ bi oníbàárà dáadáa, èwo nínú méjèèjì ló rí?

Ọmọ Under G:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣé a ò kúkú lè gbé ROM tó dáa lé èyí tó wà nínú rẹ̀ lórí, kí ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń dán RAM wò, ká mọ̀ bóyá òun ni?

Atúnrédíò Tákíè:
Rárá, àbúrò. RAM nìkan ni ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ fún, nígbà mìíràn pàápàá. ROM méjì tó bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí wáyà kan, tí ọ̀kan ń ní 0, tí èkejì ń ní 1, ìjà ni wọ́n ń jà, ẹ̀rọ ò sì ní gbọ́ òtítọ́ kankan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá lè rí kátíríìjì Dead Test, èyí tí à ń kì bọ ẹ̀rọ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni kí ẹ lò. Kò nílò KERNAL rárá kó tó ṣiṣẹ́. Bí ojú bá jáde pẹ̀lú rẹ̀, ìwọ̀nba lèyí tó kù láti fura sí, U4 sì wà lára wọn. Bí ojú bá ń ṣẹ́, tó ń ṣẹ́, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́: RAM tó bàjẹ́ ló ń tọ́ka sí.

Oníbọ́ọ̀dù Arówómọlẹ̀:
Kí ẹ tó gbé áyọ́ọ̀nù, ẹ wo ẹsẹ̀ 20 ti ROM yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é pé "ìwọ ló kàn." PLA tó wà ní U17 ló ń pè é: ẹsẹ̀ 17 rẹ̀ ń pe BASIC, ẹsẹ̀ 16 ń pe KERNAL, ẹsẹ̀ 15 ń pe ti lẹ́tà. Bí ẹ bá ní ọsilosíkóòpù tàbí lójíìkì próòbù, irinṣẹ́ tó ń fi hàn bí fóltì ṣe ń yí, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ 20 ti U4 kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Bí kò bá mi rárá, tó dúró sókè gbári, a ò pe KERNAL, ẹ̀bi ROM kọ́. Ẹ yẹ PLA wò, kí ẹ sì fi mítà tọ wáyà láti U17 ẹsẹ̀ 16 dé U4 ẹsẹ̀ 20. Ẹsẹ̀ 24 sí ẹsẹ̀ 12 gbọ́dọ̀ jẹ́ fóltì 5. Ẹ má fi ìka ọwọ́ dájọ́: PLA máa ń gbóná láìṣàìsàn.

Bí ROM bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi sípírítì nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ tan án wò. Ẹsẹ̀ áísì àtijọ́ máa ń dúdú, sọ́kẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú sì máa ń dẹ ẹnu. Ó ti tó báyẹn fún ẹlòmíràn.

Bí wọ́n bá jó o mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, tí ó sì ti dájú pé ó kú, ẹ má gbìyànjú láti gbà á là. Ẹ fi gígé kékeré gé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún lẹ́bàá ara rẹ̀, kí ara rẹ̀ bọ́ kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ máa yọ ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ àti fláàsì (oje tó ń mú lẹ́ẹ̀dì ṣàn) sí ojú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kì í yọ́ dáadáa bí ẹ kò bá fi tuntun jí i. Áyọ́ọ̀nù ní 350°C, ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta lójú kan. Ẹsẹ̀ 12 àti 24 á pẹ́ kó tó yọ́, nítorí kọ́pà tó gbòòrò ló ń fa ooru wọn lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdánwò láti fi agbára fà á. Ẹ má fà á. Ihò páńẹ́ẹ̀lì yìí ní kọ́pà nínú tó so ojú òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fà á yọ pẹ̀lú ẹsẹ̀, wáyà òkè ti já, ẹ ò sì ní rí i lójú. Áyọ́ọ̀nù 60W tí kò ní ibi tí a ti ń dín ooru rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà, ló ń bó ojú kọ́pà jù. Sọ́kà ọlọ́wọ́ tó lágbára, èyí tó ń fa lẹ́ẹ̀dì tó yọ́, ti tó, ẹ má jẹ́ kí àìní ẹ̀rọ olówó ńlá dá yín dúró.

Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ páńẹ́ẹ̀lì bí àwọn oníṣẹ́ fóònù kan ṣe ń ṣe. Sípírítì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín ló dáa.

Lẹ́yìn náà ẹ jó sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ 24, oníhò róbótó, mọ́ ọn. Èyí tó ń dùn mọ́ mi jù nìyí: gbogbo ẹsẹ̀ U3 àti gbogbo ẹsẹ̀ U4 ló so pọ̀, nọ́ńbà sí nọ́ńbà, àfi ẹsẹ̀ 20 nìkan. Ẹ gbé mítà sí ibi tó ń ké, ẹ tọ́ ọ láti 1 dé 24. Ibi tí kò bá ti ké, wáyà já níbẹ̀. Ibi tí ó bá ti ké láàárín ẹsẹ̀ méjì tó fara kan ara wọn, lẹ́ẹ̀dì ló so wọ́n.

Ọmọ Under G:
Ẹ ṣé gan-an ni, ọ̀gá. ROM fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tàtijọ́ ò sí lóde mọ́.

Atúnrédíò Tákíè:
Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni MCM68764, EPROM (ROM tí a lè fọwọ́ ara wa kọ, ká sì pa rẹ́) ẹlẹ́sẹ̀ 24 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ó ṣọ̀wọ́n, fóltì 25 ni a sì fi ń kọ ọ́, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń kọ áísì, bíi TL866, ò lè ṣe é. Èkejì ni 27C64, ẹsẹ̀ 28, ó wọ́pọ̀, 12.5 fóltì ni a fi ń kọ ọ́. 250ns tàbí èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ ti tó. Ẹ̀rọ yìí ò sáré ju bíi mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì kan lọ.

Ẹsẹ̀ wọn ò dọ́gba, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìsokọ́ra láàárín. Ẹ mú sọ́kẹ́ẹ̀tì 28 àti ẹsẹ̀ 24 kan, ẹ tò wọ́n kí ìsàlẹ̀ ṣe déédéé: 3 ti 28 bọ́ sí 1, 14 bọ́ sí 12, 26 bọ́ sí 24. Mẹ́rin ti òkè, 1, 2, 27 àti 28, á yọ síta. Ẹ gbé ẹsẹ̀ 20 àti 23 ti 28 sókè kí wọ́n má wọlé. Wáyà wá:
2 lọ sí ihò 21.
23 lọ sí ihò 18.
20 so mọ́ 22, tó ti wà nínú ihò 20.
1, 27 àti 28 so mọ́ 26, tó ń gba fóltì 5.
Ó parí. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe láàárín 2 àti 23 á rí ojú dúdú, á sì máa dá EPROM lẹ́bi.

Bí 27C64 bá wọ́n, W27C512 náà á bọ́ sínú ìsokọ́ra yìí. Báìtì 65536 ló gbà, 1, 26 àti 27 rẹ̀ sì jẹ́ àdírẹ́sì tí wáyà wa ti fà sókè sí 5. Èyí já sí pé apá ìkẹyìn nìkan ni ẹ̀rọ ń kà, láti àdírẹ́sì E000. Ẹ da fáìlì 8192 náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí ó kún. Anfààní rẹ̀ ni pé a lè fi iná pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kò nílò iná UV.

Oníná Sábó:
Ti UV yẹn: EPROM tó ní gíláàsì lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ ló ń pa á rẹ́. Lábẹ́ fìtílà UV tó péye, bíi ìṣẹ́jú 20. Oòrùn gangan pàápàá lè pa á rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, ẹ lẹ nǹkan tí ìmọ́lẹ̀ ò lè là kọjá mọ́ gíláàsì náà, bébà funfun lásán ò tó. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ara wa ń kó iná. Ẹ fọwọ́ kan irin tó so mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó mú áísì.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á padà láti fi wé fáìlì. Kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àmì lórí páńẹ́ẹ̀lì, ibi tí igé kékeré tó wà létí áísì gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí ẹ bá yí i padà, fóltì 5 á wọ ibi tó yẹ kó jẹ́ ilẹ̀, áísì náà ò ní pẹ́ kú.

Ọmọ Under G:
Páńẹ́ẹ̀lì tèmi kúrú, kò ní U3. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 250469.

Oníbọ́ọ̀dù Arówómọlẹ̀:
Ìyẹn rọrùn ju tiwa lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbé BASIC àti KERNAL pọ̀ níbẹ̀, 251913-01, ẹsẹ̀ 28, báìtì 16384. 27C128 ni kí o lò, BASIC ṣáájú, KERNAL tẹ̀lé e nínú fáìlì kan. Wo fóltì ẹsẹ̀ 1 àti 27 lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kí o tó kì í bọ̀ ọ́. Òkè ló yẹ kí wọ́n wà.

Nígbà tí 38911 BASIC BYTES FREE bá jáde, má tíì dé e. Kọ èyí:
10 S=0:FOR I=57344 TO 65535:S=S+PEEK(I):NEXT:PRINT S
Jẹ́ kó ṣe é tán, kò ní tó ìṣẹ́jú méjì. Ṣe ti BASIC náà, 40960 dé 49151. Ṣírò àpapọ̀ báìtì fáìlì lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o fi wọ́n wé ara wọn. Tan án sílẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí, kí o tún ṣe é nígbà tó bá ti gbóná. Bí iye náà bá yí padà nígbà náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ojú lẹ́ẹ̀dì kan ni kí o padà wò kí o tó dá áísì lẹ́bi.