Àwo Cream tí bàbá mi fi sílẹ̀: ṣé ẹyọ kan ni àbí méjì?

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Mò ń palẹ̀ yàrá bàbá mi mọ́ níbí l'Óṣogbo, lọ́dún tó kọjá ni wọ́n papòdà, mo wá rí àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwo ló kún inú ẹ̀, Yusuf Olatunji, Haruna Ishola, Fẹlá, àmọ́ ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn òyìnbó kan tí wọ́n ń jẹ́ Cream. Wheels of Fire ni wọ́n kọ sí i lára, páálí ẹ̀ ń dán bíi fádákà, ó sì ń ṣí bí ìwé, àpò méjì ló ní ṣùgbọ́n àwo kan péré ni mo bá nínú ẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn àbí ìkejì ti sọnù? Àwo mélòó làwọn èèyàn yìí tiẹ̀ ṣe? Ẹnì kan tó ń ra ẹrù àtijọ́ ti ní òun fẹ́ rà á, iye tó sọ ò wọ̀ mí létí.

Bàbá Alábẹ́rẹ́:
Ọmọ mi, má tà á! Méjì ni. Yí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ wò, tó bá jẹ́ orin méjì-méjì ló wà lójú kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ lórí ìtàgé ní San Francisco ní 1968 nìyẹn. Èyí tí wọ́n ṣe ní sítúdíò, orin mẹ́sàn-án ló ní, mẹ́rin lójú kan, márùn-ún lójú kejì. Àwo mẹ́rin péré ni wọ́n ṣe, Fresh Cream ní 1966, Disraeli Gears ní 1967, ìyẹn New York ni wọ́n ti lọ ṣe é, Wheels of Fire, lẹ́yìn náà Goodbye ní 1969, ìgbà yẹn wọ́n ti túká, torí November 1968 ni wọ́n dágbére fáráyé ní Royal Albert Hall ní London. Disraeli yẹn, ẹnì kan tó ń bá wọn gbẹ́rù ló fẹ́ dárúkọ jíà kẹ̀kẹ́ ológeere kan, "derailleur", ahọ́n ẹ̀ bá yẹ̀ sórí orúkọ olórí ìjọba wọn àtijọ́, ni wọ́n bá fi ṣorúkọ àwo.

Ṣọlá Onígìtá:
Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin kọ́ o. Live Cream ti 1970 ńkọ́? Ìkejì ẹ̀ ti 1972 ńkọ́? Wọ́n tún padà sí Albert Hall ní 2005, ìyẹn náà di àwo.

Bàbá Alábẹ́rẹ́:
Àjẹkù nìyẹn, wọ́n ti túká kó tó jáde.

Ṣọlá Onígìtá:
Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé wọ́n ti túká kí Goodbye tó jáde 😂 orin mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, mẹ́ta níbẹ̀ sì jẹ́ torí ìtàgé, kí ló dé tẹ́ ẹ kà á mọ́ ọn?

Bàbá Alábẹ́rẹ́:
O mú mi.

Àyàn Òkè-Baálẹ̀:
Ginger Baker tó ń lùlù fún wọn yẹn náà ló wá bá Fẹlá l'Ékòó o, àwọn méjèèjì jọ ṣàwo jáde ní 1971, ó tún ṣí sítúdíò sí Ìkẹjà ní 1973. Ojú tó kẹ́yìn nínú àwo orí ìtàgé yẹn, ẹ gbọ́ Toad, jìtá kàn fi ṣílẹ̀kùn ni, òun nìkan ló ń lù ú lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ìlù ńlá méjì, ó lé ní ìṣẹ́jú 15. Mo gbé e fún bàbá mi gbọ́, ìyáàlù ni wọ́n ń lù láti kékeré. Wọ́n dákẹ́ títí ó fi tán, wọ́n ní: "Ọwọ́ ẹ̀ yá o. Àmọ́ kí ló ń wí?"

Ọmọ Òkè-Fìà, tó o bá fẹ́ nù ún, aṣọ rírọ̀ àti omi díẹ̀ ti tó, má sá a sóòrùn Òṣogbo yìí, á ká kò bíi pọ̀nmọ́.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ ṣeun gan-an. Méjì-méjì ló wà lójú ẹ̀ lóòótọ́, ni mo bá tú gbogbo páálí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, inú páálí Haruna Ishola ni mo ti bá ìkejì, mẹ́rin àti márùn-ún, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Wàhálà tó wá kù ni pé àwo Haruna ò sí mọ́, màámi sì ti jókòó ti àpótí, wọ́n ní àwọn ò mọ Cream, kí n wá Haruna àwọn jáde.