Wọ́n kọ misrepresentation sínú lẹ́tà ọkọ mi, ṣé fraud náà nìyẹn?

Ìyàwó Àjàṣẹ́ (Calgary): Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ọkọ mi ṣì wà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, físà ìbẹ̀wò Kánádà la tọrọ fún un, àná ni lẹ́tà wọlé, wọ́n kọ misrepresentation gàdàgbà síbẹ̀, èmi tí mo gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, àyà mi já, ẹnì kan tún ní fraud nìyẹn, pé ẹ̀wọ̀n ló kàn. Ó tọrọ físà Faransé ní 2019 wọn ò fún un, ẹni tó bá a kún fọ́ọ̀mù wá mú "Rárá" níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ìlú kankan ti kọ̀ ọ́ rí. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ẹ̀gbọ́n Kétu (Winnipeg): Àbúrò, fọkàn balẹ̀, ọ̀tọ̀ lèyí ọ̀tọ̀ nìyẹn. Fraud, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti adájọ́ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ lu jìbìtì, tówó ẹ̀ bá ju $5,000 lọ ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 14. Misrepresentation wà lábala 40 òfin ímígíréṣọ̀n, kò di dandan kó o mọ̀ọ́mọ̀ o, pé ohun tó o kọ ò rí bẹ́ẹ̀ tó sì lè ṣi òṣìṣẹ́ wọn lọ́nà, ó ti tó wọn. Ibẹ̀ ló máa ń dun àwọn èèyàn wa jù, torí lọ́dọ̀ tiwa ẹni tó ṣèèṣì kì í ṣe òpùrọ́. Ọdún 5 ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, ọdún 2 ni tẹ́lẹ̀, 2014 ni wọ́n sọ ọ́ di 5.

Withholding náà wà lábala yẹn, ìyẹn kéèyàn mọ nǹkan kó pa á mọ́ra. "Wọn ò bi mí" ò gba ẹnikẹ́ni là tí fọ́ọ̀mù bá ti bi í.

Àmọ́ lẹ́tà tẹ́ ẹ gbà yẹn, tó bá ní kẹ́ ẹ fèsì, wọn ò tíì dájọ́. Wo ọjọ́ tí wọ́n dá, tí ò bá ní tó yín ẹ kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún àfikún kó tó pé. Má kàn kọ "ẹ forí jì wá" o. Sọ ẹni tó kún fọ́ọ̀mù, fi ìwé tí Faransé fi kọ̀ ọ́ sí i, tó bá ti sọ ọ̀rọ̀ 2019 yẹn fún ẹni ọ̀hún lórí WhatsApp, ya fọ́tò ẹ̀ kó o fi kún un. Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru ẹni yẹn, torí ọkọ ẹ ló fọwọ́ sí i, wọ́n á ní ṣe ló yẹ kó kà á. Kí ẹnikẹ́ni má gbà yín níyànjú láti hun ìtàn tuntun, ìyẹn gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Tówó bá wà, ẹ wá lọ́yà.

Bàbá Ìbejì (London): Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ ire. Níbi tiwa deception, ìyẹn ẹ̀tàn, lọ̀rọ̀ wọn, ọdún 10 ni, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé o mọ̀ọ́mọ̀. Ti Amẹ́ríkà ló burú jù, títí ayé ni àfi tí wọ́n bá fún ẹ ní waiver, ìyẹn kí wọ́n yọ̀ǹda fún ẹ.

Ọmọ Ṣábẹ (Montréal): Ẹ jọ̀ọ́ orúkọ ńkọ́? Adéchina ló wà nínú páspọ̀ mi, bàbá kan náà ló bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó dàgbà sí Nàìjíríà, Adesina nìyẹn ń kọ. Ìwé ọjọ́ìbí bàbá wa sì wà ní "né vers 1951", ìyẹn pé nǹkan bí 1951 ni wọ́n bí i, kò lóṣù kò lọ́jọ́.

Ẹ̀gbọ́n Kétu (Winnipeg): Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ṣáà ṣàlàyé ẹ̀ kí wọ́n tó bi ọ́. Kọ lẹ́tà kékeré kan pé orúkọ kan náà ni, pé bí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ṣ ló yàtọ̀. Tó o bá ti fi Adesina ṣe ìwé kankan rí, àyè orúkọ mìíràn wà nínú fọ́ọ̀mù, kọ ọ́ síbẹ̀. Ti Bàbá, ohun tó bá wà nínú páspọ̀ wọn ni kó o kọ, tí ò bá sí oṣù àti ọjọ́ níbẹ̀ náà, àmì * ni wọ́n ní ká fi sáyè ẹ̀. Má lọ bá wọn yan January 1 o.

Ìyàwó Àjàṣẹ́ (Calgary): Ẹ ṣé gan-an Ẹ̀gbọ́n. Mo ti ní kó máa wá ìwé 2019 yẹn, ó ní ó wà nínú àpótí ìyá òun.