Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: olú tí àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń fi sórí búrẹ́dì

Àbẹ̀kẹ́_Leeds
Ẹ kú ilé o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kàwé ní Moscow. Ìyá àgbà tó ń tọ́jú họ́sítẹ̀lì wa a máa fún wa ní olú kan tí wọ́n ń pè ní gribnaya ikra, orí búrẹ́dì dúdú la ti ń jẹ ẹ́. Ní Sátidé mo ra olú funfun ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi bùléńdà lọ̀ ọ́, mo dà á sínú òróró. Ló bá ṣomi bí ọbẹ̀ tí kò jinná. Ta ló mọ̀ ọ́n sè?

Ìyá_Sasha
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Bùléńdà ló ṣe ọ́ ní jàǹbá. Ará Tula ní Rọ́ṣíà ni ìyá ọkọ mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Rẹ́ olú ìlàjì kílò wẹ́wẹ́, dà á sínú páànù gbígbẹ, má fi òróró sí i, má dé e lórí. Omi rẹ̀ á jáde, á máa hó gbùdùgbùdù. Dúró tì í. Tí gbùdùgbùdù bá dákẹ́, tó wá ń dún ṣàà, tí olú ti súnkì dé ìdajì, ìgbà yẹn ni kí o tó bu òróró ṣíbí mẹ́ta sí i. Dín àlùbọ́sà ńlá méjì lọ́tọ̀ lórí iná kékeré títí á fi pọ́n bí oyin. Pò wọ́n pọ̀, fi iyọ̀, ata dúdú àti aáyù sí i. Tó bá tutù, fi ọ̀bẹ gé e lórí pátákó títí á fi rí wóró-wóró bí ẹyin ẹja. Ẹyin ẹja náà kúkú ni ìtumọ̀ ikra. Fínígà díẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_SPb
Kárọ́ọ̀tì ńkọ́?

Ìyá_Sasha
Kárọ́ọ̀tì! Fi ìrẹsì náà sí i, kó lè di jollof.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_SPb
Ẹ má bínú, mà. Àbẹ̀kẹ́, olú ṣọ́ọ̀bù ò ní òórùn tó bẹ́ẹ̀. Bely grib inú igbó wọn ni kó o wá. “Olú funfun” lorúkọ yẹn, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ pọ́n bí èèpo búrẹ́dì. Àwọn ará Poland ń ta gbígbẹ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Rẹ 20 gíráàmù sómi gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Má da omi yẹn nù o! Sẹ́ ẹ kí iyanrìn má bá a lọ, dà á sórí olú tó kù, jẹ́ kó gbẹ.

Nọ́ọ̀sì_Adé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ sígò kí ẹ dé e pa, kí ẹ wá gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí ni kòkòrò botulism (èyí tó ń sọ oúnjẹ di májèlé) ti ń pọ̀, síse lásán kì í pa irúgbìn rẹ̀, ojú ò sì lè rí i. Inú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó tán. Ẹ má sì lọ já olú nínú igbó Yorkshire torí pé ó jọ ti Moscow.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds
Mo sè é lálẹ́ àná! Mo gbọ́ ṣàà yẹn ní tòótọ́. Ọkọ mi ní kí ni mo ń tẹ́tí sí lórí iná. Ìgò kékeré kan péré ló kù.
Ìyá Sasha, ẹ má ka ibí yìí o: mo fi kárọ́ọ̀tì ẹyọ kan sí i.