Ìwé owó ọdún méjì fún ìdíje obìnrin oníṣòwò: ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláàdìrẹ ni mí ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ wọ ìdíje àmì-ẹ̀yẹ kan fún àwọn obìnrin oníṣòwò ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù tán, àfi ibì kan: wọ́n ń béèrè ìwé owó ọdún méjì, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde nínú òwò.

Orúkọ òwò ni mo fi sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Nóòtù méjì tí aró ti kùn ni mo ń kọ ọjà sí: aṣọ funfun, ẹ̀lú, láfún tá a fi ń ya ọnà, iye tí mo tà. Nínú àkáǹtì mi ní báńkì, owó ọjà, owó iléèwé ọmọ àti owó àjọ ti dàpọ̀.

Akáńtáǹtì kan ní kí n mú 150,000 náírà wá. Mo dúpẹ́, mo dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi kó nóòtù náà sínú Excel, ṣùgbọ́n kò bá ti báńkì mu, torí owó ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń san. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa tì í.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi orúkọ òwò lásán wọ irú ìdíje báyìí, ṣé wọ́n gba Excel àti sítétímẹ́ǹtì báńkì lọ́wọ́ yín, àbí dandan ni kí akáńtáǹtì fọwọ́ sí i?