"Hó" kò tó: ìyá alágbo ti ní ọ̀rọ̀ tí à ń wá fún họ́ọ̀pù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Láti ọjọ́ Ajé la ti ń fà á lórí orúkọ tí a ó fún họ́ọ̀pù, òdòdó tí àwọn tó ń pọn bíà fi ń mú un korò. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní ewúro òyìnbó. Arábìnrin kan ní òdòdó ọtí ló dára jù. Ẹnì kan sì túmọ̀ ohun tí òyìnbó ń pè ní dry hopping, ìyẹn rírì họ́ọ̀pù sínú ọtí tí kò sí lórí iná mọ́, sí "fífi họ́ọ̀pù gbígbẹ sí i". Inú ilé mi ní Àkóbọ̀ ni mo ti ń pọntí, irú bíà kan tí wọ́n ń pè ní pilsner ni mo sì ń lé láti bí ọdún méjì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Lójú tèmi, orúkọ òdòdó náà kọ́ ló ń dà wá láàmú. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Pilsner ń jẹ́ orúkọ ìlú Plzeň ní ilẹ̀ Tsẹ́kì, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pọn ọ́n ní 1842. Saaz ni họ́ọ̀pù ilẹ̀ wọn, òun ló sì mọ́ mi lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ẹnì kan bá mi mú òmíràn wá tí mi ò lò rí, Sorachi Ace. Ilẹ̀ Jàpáánì ni wọ́n ti mú un jáde. Sorachi jẹ́ orúkọ agbègbè kan ní erékùṣù Hokkaido. Saaz wà nínú ìran rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ilé. Èròjà tó ń di kíkorò nínú Saaz sábà máa ń wà láàárín ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Sorachi Ace máa ń tó 12, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí mo ti ń lo gíráàmù 85 Saaz fún lítà 20, gíráàmù 25 péré ni mo wọ̀n lọ́tẹ̀ yìí. Bí mo ṣe tú ọ̀rá rẹ̀, òórùn ewé tíì àti ọsàn wẹ́wẹ́ gba gbogbo ilé ìdáná.

Wọ́n bá pè mí sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún àbúrò mi tí a jọ ń ṣe é: "Da họ́ọ̀pù sí i nígbà tó bá ń hó." Híhó orí iná ni mo ní lọ́kàn. Àbúrò mi sì rèé, ẹmu ló mọ̀ láti kékeré. Ó se omi ọkà tí yóò di bíà, ó jẹ́ kó tutù, ó fi ìwúkàrà sí i, ó gbé e sínú fìríìsà tí a yí sí ìwọ̀n 10 Celsius. (Iná kì í dúró, omi dídì inú ìgò la fi ń ràn án lọ́wọ́.) Ní ọjọ́ kẹta ó ṣí i, ó rí i tó ń hó, ó da gbogbo gíráàmù 25 sí i. Ohun tí mo kọ ló ṣe. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Nígbà tí a tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ń ta sánsán bí ewé tíì, àmọ́ dídùn rẹ̀ ti pọ̀ jù, kíkorò rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìdí ni pé ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tó wà nínú òdòdó náà kò lè ṣe iṣẹ́ kíkorò láìsí iná. Àwọn èròjà alpha acid inú rẹ̀ kì í fẹ́ yòrò. Sísè fún nǹkan bíi wákàtí kan ló ń yí wọn padà di ohun tó korò, tó sì ń yòrò. Epo olóòórùn inú rẹ̀ ńkọ́? Iná kan náà ló ń lé e lọ. Bí a bá sè é pẹ́, gbogbo òórùn yẹn ti bá ooru lọ. Òdòdó kan, iṣẹ́ méjì, àsìkò méjì, a wá ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe àsìkò méjèèjì. Omi ń hó, ẹmu ń hó, ọṣẹ náà ń hó. Ohun tí ojú rí ni hó ń sọ, kò sọ ohun tó fà á.

Ẹ lọ bá ìyá alágbo ní Ọjà Ọba, ẹ ní ẹ fẹ́ ra ewé àti egbò. Kó tó dì í lé yín lọ́wọ́ ni yóò ti sọ ọ́: "Sísè ni o", tàbí "Rírẹ ni o". Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló túmọ̀ sí. Àgbo ibà, orí iná ni. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ọ̀pọ̀ ló ń fi ọtí tàbí omi rẹ ẹ́. Ọmọdé ilé mọ̀ pé ẹni tó rẹ èyí tó yẹ kó sè ti fi ewé ṣòfò. Ohun tí à ń wá nìyẹn: họ́ọ̀pù sísè fún kíkorò, họ́ọ̀pù rírẹ fún òórùn. "Họ́ọ̀pù gbígbẹ" ń ṣini lọ́nà, nítorí gbígbẹ náà ni èyí tí à ń sè wà nígbà tí a rà á, kò sì sí ohun tó gbẹ nínú ohun tí a rì sínú ọtí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹnì kan lè ní rírẹ ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú ìpọntí, pé a máa ń rẹ àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kó lè hù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkà là ń rẹ níbẹ̀, họ́ọ̀pù là ń rẹ níbí, orúkọ ohun tí a rẹ ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Hó kò ní irú àǹfààní yẹn: omi ọkà kan náà ló ń hó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ewúro òyìnbó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ọn. Ewé ni ewúro, ó sì ti korò kí iná tó rí i. Òdòdó abo ìtàkùn tó ń fà sókè bí iṣu ni họ́ọ̀pù, ìbátan igbó tí wọ́n ń fà ló tilẹ̀ jẹ́. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti fi ewúro gan-an, àti orógbó, pọn bíà wò dípò họ́ọ̀pù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ ọ́ lédè wa pé òun fi ewúro pọn bíà, ewúro wo ni ká gbà pé ó lò? Òdòdó ọtí kò ṣini lọ́nà ní tirẹ̀, àmọ́ a ti gba bíà wọlé pẹ̀lú orúkọ tó gbé wá. Ẹ jẹ́ kí họ́ọ̀pù náà wọlé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó kọ "bíà kíkan" ní ìjẹta, jọ̀wọ́, kíkorò ni. Ògì ló ń kan. Pilsner tó bá kan ti bàjẹ́.

Sorachi Ace ṣì kù díẹ̀. Ìwé tuntun ti wà lára fìríìsà: "Se gíráàmù 25 fún wákàtí kan. Rẹ gíráàmù 10 fún ọjọ́ mẹ́ta kí a tó rọ ọ́ sígò." Àbúrò mi kà á, ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ṣé kí òun fi aṣọ di èyí tí a ó rẹ, bí ìyá wa ṣe máa ń di egbò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.