Sọ́fítíwíà open source (èyí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn) wo ni mo lè fi to orúkọ àwọn ìwé ilé mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì?
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o, ìwé tó wà nílé mi ti ń lọ sí 900, mo ti wá ń ra èyí tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, ó ń dùn mí gan-an. Mo ti gbìyànjú Koha, ó dáa, àmọ́ láíbìrì ńlá ni wọ́n ṣe é fún, ó pọ̀ jù fún èmi nìkan. Calibre náà, ìwé orí kọ̀ǹpútà ló mọ̀ jù, ìwé pépà sì ni tèmi. Mo fẹ́ èyí tó máa fi kámẹ́rà fóònù ka ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé), kó wá orúkọ ìwé àti ẹni tó kọ ọ́ fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí n lè fọwọ́ tẹ àwọn kan wọlé torí ìwé ọdún 1950 sí 1960 ò ní ISBN rárá, àwọn yẹn ni mo sì fẹ́ràn jù. Èwo lẹ ń lò?