Oorun mi ti padà
Ẹ kú àdúrótì o. Mo sọ fún yín níjọ́sí pé láti ìgbà tí mo ti ìrìn àjò dé, tí ẹrù mi sì sọnù lọ́nà, n kò rí oorun sùn. Ó ti yanjú.

Ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí n máa yà síta láàárọ̀ ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Wákàtí 6 ni aago ibi tí mo lọ fi yàtọ̀ sí tilé, ara sì sábà máa ń lo bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan kó tó bá a mu. Mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, kí oòrùn òwúrọ̀ lè yọ sí mi lójú. Lálẹ́ ọjọ́ keje, mo sùn fọnfọn. Ẹrù náà kò tíì dé, àmọ́ ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni.